Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìrìn-àjò sí Conques, Abúlé Àtijọ́ Láàrin Igbó Ilẹ̀ Faransé

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, tó sì ti rí Paris rí, Conques ni mo máa ń ní kó lọ. (Bí “Kọ́ńkì” ni wọ́n ṣe ń pè é.) Ìbéèrè àwọn ènìyàn ti wá pọ̀ débi pé ó yẹ kí n kó ìdáhùn wọn jọ síbì kan. Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè wà, àmọ́ àwọn ará wa ní Benin, ní London àti ní Amẹ́ríkà náà ń béèrè. Mo ro tiwọn mọ́ ọn.

Níbo gan-an ló wà?

Apá gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Aveyron. Rodez ni olú-ìlú ẹkùn náà, ó sì tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí Conques. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ abúlé náà sí, nítòsí ibi tí odò kékeré Ouche ti ń ṣàn wọ inú odò Dourdou. Igbó ló yí i ká, débi pé ẹ lè wà lójú ọ̀nà mọ́tò kí ẹ má tíì rí ilé kankan, kí ẹ tó yí kọ́nà kan kí gbogbo abúlé náà yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ abúlé mẹ́ta mìíràn lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Conques-en-Rouergue. Bí ẹ bá rí orúkọ gígùn yẹn lórí máàpù, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, ibẹ̀ náà ni.

Abúlé tó rẹwà pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Kí ló dé tó fi jẹ́ Conques?

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 fún àwọn abúlé tó rẹwà jù lọ, Conques sì wà lára wọn: òrùlé òkúta pẹlẹbẹ, ògiri tí wọ́n fi igi là, òpópónà tóóró tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ ló fi ju àwọn yòókù lọ lójú tèmi.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dadon kúrò láàrin èrò, ó wá ń dá gbé nínú igbó yìí kó lè ráyè gbàdúrà. Àwọn mìíràn wá bá a, ibẹ̀ sì di ilé mọ́ńkì. Ilé náà kò lókìkí. Láyé ìgbà yẹn, egungun ẹni mímọ́ ló ń fa èrò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì ní egungun tó lórúkọ. Ní ìlú Agen, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn wọn, egungun ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Foy wà nínú sàréè. Àwọn ará Róòmù ló pa á ní nǹkan bí ọdún 303, nítorí pé ó kọ̀ láti rúbọ sí àwọn òrìṣà wọn. Ìtàn tí àwọn mọ́ńkì fúnra wọn pa ni pé ọ̀kan nínú wọn lọ sí Agen, ó bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi fọkàn tán an, ni wọ́n bá fi í ṣọ́ ìṣúra ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru ọjọ́ kan ó fọ́ sàréè, ó kó egungun, ó sì sá wá sí Conques. Nǹkan bí ọdún 866 ni. Wọn kò fi olè náà pamọ́ rárá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń kà á fún èrò.

Láti ìgbà náà ni èrò ti ń wọ́ wá. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá rí ìdáǹdè á ru ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Foy, wọ́n sì máa ń sọ pé irin àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn ni wọ́n fi rọ ọgbà irin tó yí ibi pẹpẹ ká títí dòní. Ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń gbà láti Le Puy lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì kọjá níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ẹ máa bá níbẹ̀, ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkejìlá ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tó yá, èrò dín kù, ilé sì ń bà jẹ́. Prosper Mérimée, tí ìjọba yàn láti máa yẹ ilé àtijọ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè náà, dé ibẹ̀ lọ́dún 1837, ó sì figbe ta títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Láti 1998 ni ṣọ́ọ̀ṣì náà àti afárá àtijọ́ orí odò Dourdou ti wà nínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé àjọ UNESCO, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà Compostela tó wà ní ilẹ̀ Faransé.

Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn ń dúró wò. Kí ló wà níbẹ̀?

Ọjọ́ ìdájọ́ ni. Lókè ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, àwọn agbẹ́kùúta ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá gbẹ́ ènìyàn, áńgẹ́lì àti ànjọ̀nú sára òkúta; gbogbo wọn jẹ́ 124. Jésù jókòó láàrin, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì rẹ ọwọ́ òsì sílẹ̀. Lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn apá òsì ẹ̀yin tí ẹ ń wò, ohun gbogbo tòrò. Màríà ló ṣíwájú, Pétérù tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn wọn ni ọba Charlemagne tí olórí àwọn mọ́ńkì fà lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ wọn, Foy dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run yọ láti ọ̀run sí i, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó dá sílẹ̀ sì so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Apá kejì ni ìrúkèrúdò wà. Ènìyàn ahun kan wà tí wọ́n so kọ́ tòun ti àpò owó lọ́rùn, jagunjagun kan ń ṣubú lórí ẹṣin, wọ́n dorí ẹnì kan kodò, ehoro sì ń yan ọdẹ lórí iná. Láàrin ìhà méjèèjì, áńgẹ́lì Máíkẹ́lì àti ànjọ̀nú kan dojú kọra lórí òṣùwọ̀n, ànjọ̀nú sì ń fi ìka tẹ ìhà tirẹ̀ kó lè wúwo. Ẹ dúró wo ojú ànjọ̀nú yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n ti fi kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú rẹ́ jẹ rí níbi tó ti ń ra gààrí, ó ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀.

Àmì àwọ̀ búlúù àti pupa ṣì kù lára òkúta náà. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbójú sókè sí etí tó yí gbogbo rẹ̀ po: àwọn ojú kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ di etí òkúta mú, tí wọ́n ń yọjú wò wá. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń lọ láì rí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sójú iṣẹ́ náà. Lásìkò tí àlejò pọ̀, ọ̀kan nínú àwọn fadá ibẹ̀ a máa jáde lálẹ́ lẹ́yìn àdúrà láti ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ lọ síbẹ̀ bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Ère wúrà Foy tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń sanwó wò?

Ó tó, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé ìṣúra ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Igi ni inú rẹ̀, wúrà ni wọ́n fi bò ó, ó jókòó lórí ìtẹ́, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 85 sẹ̀ǹtímítà. Òkúta olówó iyebíye tí èrò ń fi tọrẹ láti ìran dé ìran bo aṣọ rẹ̀. Orí rẹ̀ dàgbà ju ara lọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n mú lò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, ọ̀mọ̀wé kan nínú ìjọ, Bernard ará Angers, wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rí èrò tó ń wólẹ̀ níwájú irú àwọn ère bẹ́ẹ̀ ní agbègbè náà, ó kẹ́gàn wọn, ó fi wọ́n wé ère Júpítà àti Máàsì, àwọn òrìṣà Róòmù. Ọkàn rẹ̀ yí padà nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ní Conques, òun gan-an ló sì wá jókòó kọ ìwé nípa iṣẹ́ ìyanu Foy. Àwa Yorùbá ti gbọ́ irú iyàn yìí lórí ère tiwa láti ìgbà àwọn àjíhìnrere. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ti bá ara wọn jà á tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ wa.

Bí ìṣúra náà ṣe kù títí di òní náà yẹ ní sísọ. Lẹ́yìn ọdún 1789, nígbà tí àwọn tó gbàjọba ní ilẹ̀ Faransé ń kó wúrà àti fàdákà ṣọ́ọ̀ṣì lọ yọ́, àwọn ará Conques pín ìṣúra wọn mọ́ra lọ́wọ́, wọ́n fi pamọ́ sínú ilé àti ọgbà. Nígbà tí ewu rọlẹ̀, wọ́n kó o padà. Àgbẹ̀ lásán ló pọ̀ nínú wọn, wúrà sì wà níkàáwọ́ wọn! Mi ò tíì gbọ́ ìtàn abúlé tó wú mi lórí tó èyí.

Kí ló dé tí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kò ní àwòrán aláràbarà bíi ti ibòmíràn?

Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Pierre Soulages ló ṣe wọ́n. Ní Rodez ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1919, ó sì kú ní 2022. Ó ti dé Conques nígbà tó wà ní ọmọdé, ó sì máa ń sọ pé ibẹ̀ ni òun ti pinnu pé iṣẹ́ ọnà ni òun máa fi ayé òun ṣe. Nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ fèrèsé fún un, ó kọ àwọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Òun àti Jean-Dominique Fleury, oníṣẹ́ gíláàsì ní Toulouse, wá gíláàsì funfun kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣùgbọ́n tí èèyàn kò lè rí ìta láti inú rẹ̀. Fèrèsé 104 ni, iṣẹ́ náà sì parí ní 1994. Àwọn kan nínú abúlé kọ́kọ́ bínú sí i. Ẹ wọlé láàárọ̀, kí ẹ tún padà wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i bí gíláàsì kan náà ṣe ń yí láti àwọ̀ ojú ọ̀run sí àwọ̀ ọsàn. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wọ̀ yín lọ́kàn, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Rodez láti 2014.

Ṣé wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kò tó? Abúlé kékeré ṣáà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, kó jẹ́ èyí. Láàrin ọ̀sán, pàápàá ní oṣù Keje àti Kẹjọ, bọ́ọ̀sì àwọn àlejò máa ń dé tẹ̀ léra wọn, ẹsẹ̀ á kún òpópónà, fọ́tò ni gbogbo ènìyàn á máa yà. Nígbà tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Ìgbà yẹn ni abúlé náà ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín àti àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn tó ń fọ aṣọ wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó wú. Ẹni tó wá ní ọ̀sán tó sì lọ ní ọ̀sán ti rí òkúta ibẹ̀, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí èèyàn ń torí rẹ̀ wá kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kúrò. Òru méjì ló dára jù: ọjọ́ kan fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ìṣúra, ọjọ́ kejì fún igbó.

Òtẹ́ẹ̀lì kò pọ̀. Yàrá wà lọ́dọ̀ àwọn onílé, ilé àlejò tí àwọn fadá ń bójú tó sì wà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Compostela. Ẹ tètè gba yàrá, ní oṣù mélòó kan ṣáájú bó bá jẹ́ ìgbà ooru.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù Karùn-ún, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹwàá. Ní oṣù Kẹwàá, ewé igbó á pọ́n, èso châtaigne (“chestnut” ní Gẹ̀ẹ́sì) á máa jábọ́ sójú ọ̀nà. Láti oṣù Kọkànlá títí di Kẹta, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ń tì.

Báwo la ṣe ń dé ibẹ̀ láti Paris?

Ọkọ̀ ojú irin òru kan wà tó ń gbéra ní ibùdó Paris-Austerlitz, tí ilẹ̀ á mọ́ ọ ní Rodez. Ó lè má lọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti Rodez, ẹ lè gba takisí tàbí kí ẹ yá mọ́tò. Ẹ má gbọ́kàn lé bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá wọ bàálù lọ sí Toulouse tó sì yá mọ́tò níbẹ̀ á lò tó wákàtí méjì àbọ̀ lójú ọ̀nà. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ àárín abúlé; ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́yìn òde, owó sì ni.

Físà ńkọ́?

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo nílò físà Schengen, bó tilẹ̀ jẹ́ London ló ń gbé. Ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà Britain tàbí Amẹ́ríkà kò nílò rẹ̀ bí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180. Owó físà fún àgbàlagbà ti di 90 Yúrò láti oṣù Kẹfà 2024. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 sí ìrìn-àjò nígbà tí ẹ bá ń fi í sílẹ̀. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó tó 30,000 Yúrò jẹ́ dandan. Nínú ìwé yín, ẹ kọ Conques sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, pẹ̀lú ibi tí ẹ máa sùn àti bí ẹ ṣe máa débẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń lọ dáadáa, ìwé rẹ̀ máa ń ṣeé kà.

Mi ò gbọ́ Faransé. Ṣé mi ò ní ṣìnà?

Ẹ ò ní ṣìnà, òpópónà ibẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa kí wọn ní “Bonjour” kí ẹ tó béèrè ohunkóhun nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń ka ìkíni sí nílé wa ni wọ́n ṣe ń kà á sí níbẹ̀. Àwọn ará wa láti Kétu, Sakété àti Porto-Novo tí wọ́n ti kàwé ní Faransé máa gbádùn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Kí la máa jẹ?

Aligot ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ wàràkàṣì títí tó fi ń fà. Òkè Aubrac tó wà nítòsí ló ti wá. Aveyron náà ni wàràkàṣì Roquefort ti ń wá, wàrà àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Òórùn rẹ̀ le, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Wáìnì pupa Marcillac wà fún àwọn tó ń mu.

Oúnjẹ kan wà tí mo fẹ́ kí Yorùbá wá kiri: estofinado. Pánla ni! Ẹja gbígbẹ kan náà tí wọ́n ń sá sínú afẹ́fẹ́ ní Norway, tí à ń ra lọ́jà wa, ti ń wọ agbègbè yìí tipẹ́; ojú odò Lot ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà gbé e wá. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sè é, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ ànàmọ́ òyìnbó àti ẹyin, wọ́n á wá da òróró àsálà òyìnbó tó gbóná lé e. Apá Decazeville, tí kò jìnnà sí Conques, ló ti gbilẹ̀, ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́ jù. Kò sí ata níbẹ̀. Ẹ mú tiyín lọ.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọ Àgùdà ṣì ń lò ni, nítorí náà ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ má rìn kiri nígbà ìsìn. Ẹ má retí ẹran halal ní abúlé náà. Ẹlẹ́dẹ̀ sì wọ́pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, soseji ni wọ́n sábà máa ń gbé ti aligot. Ẹ ní kí wọ́n gbé aligot nìkan wá, tàbí ẹja. Yàrá tó ní ibi ìdáná máa rọrùn fún yín.

Ṣé àwọn òbí wa àgbàlagbà lè rìn níbẹ̀?

Òkúta roboto ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn á rí ṣọ́ọ̀ṣì àti ìṣúra bó bá ń sinmi lójú ọ̀nà, àmọ́ kó má tẹ̀ lé yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Kẹ̀kẹ́ arọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣòro. Ẹ pọn ọmọ.

Irú igbó wo ló wà níbẹ̀, ṣé a lè rìn ín?

Láti àárín abúlé, òpópónà Charlemagne sọ̀kalẹ̀ gba ẹnu ibodè àtijọ́ kọjá lọ sí afárá odò Dourdou. Lódì kejì, ọ̀nà ẹsẹ̀ GR 65, ìyẹn ọ̀nà Le Puy sí Compostela yẹn, gun òkè tààrà lọ sí ilé àdúrà kékeré Foy. Ó ń mú èémí, ẹ dúró díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wẹ̀yìn wo abúlé. Bí ẹ kò bá fẹ́ rìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ wa mọ́tò lọ sí Bancarel, níbi tí gbogbo Conques ti hàn láti iwájú. Láti Le Puy dé Conques tó nǹkan bí 200 kìlómítà, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ín ń lò tó ọjọ́ mẹ́wàá. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ṣe pàtàkì. Òjò a máa sọ òkúta di yíyọ̀.

Kí la lè rà bọ̀ wálé?

Ọ̀bẹ Laguiole, tí wọ́n ń rọ ní ìlú tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Aveyron kan náà. Ayédèrú pọ̀, nítorí náà ẹ bi òǹtajà níbo ni wọ́n ti ṣe é. Inú báàgì tí ẹ máa jọ̀wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ni kí ẹ fi sí, torí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín bó bá wà nínú èyí tí ẹ gbé dání.